Bákónì Inú Fọ́tò

Bàbá ọmọ mi,

Ẹ má bọ́ bàtà o. Mo ń nu fọ́tò ẹgbẹ́ ayafọ́tò ọmọ wa láàárọ̀ yìí. Bákónì ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ni wọ́n máa ń tò sí. Nínú ti èṣí, ògiri tó gbé e dúró là bí fọ́nrán irun. Nínú ti oṣù tó kọjá, ọwọ́ á wọ̀ ọ́. Wọ́n tún ń lọ síbẹ̀ lónìí! Mo pe ọmọ wa títí, àṣé abẹ́ ìrọ̀rí ni fóònù ẹ̀ ti ń dún. Mo ti sáré lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ẹ gba ọ̀nà ọgbà ìgbafẹ́, bóyá wọ́n ṣì ń ya fọ́tò òdòdó níbẹ̀. Ògiri tó lanu báyìí, kì í ṣe aláǹgbá ló ń dúró dè.