Ẹyẹ Ẹlẹ́sẹ̀ Pẹ́pẹ́yẹ Tó Já Sí Àgbàlá Mi

                                        Ilé Gàní Aláṣọ,
                                        Ladjifarani,
                                        Parakou, Dàhòmì.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹwàá, ọdún 1966.

Yẹ̀kínì, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dun ìyá wa ti fúyẹ́? Ṣé òjò ti dá ní Ṣábẹ̀? Àwa náà wà níbí, àmọ́ wíwà wa kò dán mọ́rán.

Ọ̀rọ̀ èmi àti Súbérù ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Ilé kéwú lo ti mọ àwa méjèèjì, o sì mọ̀ pé ògiri kan ṣoṣo ló wà láàrin ilé wa. Láti ìgbà tí wọ́n ti fún mi ní ìsọ̀ ẹnu ọ̀nà ọjà tí òun náà ń fẹ́, ó ń bá mi rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n n kò fọkàn tán ẹ̀rín náà mọ́. Lóṣù tó kọjá, ó wọ rélùwéè lọ sí Kútọnù. Ọjọ́ kejì tó dé ni ẹyẹ funfun kan já lulẹ̀ ní àgbàlá mi, ó kú, ẹsẹ̀ rẹ̀ pẹrẹsẹ bíi ti pẹ́pẹ́yẹ. Yẹ̀kínì, ẹyẹ etí òkun ni! Kí ló ń wá ní Parakou? Òrùka irin wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì fín nǹkan sí i. Ta ló ń so nǹkan mọ́ ẹyẹ lẹ́sẹ̀, bí kò ṣe ẹni tó ń rán an níṣẹ́ ibi?

Nọ́fíù, àbígbẹ̀yìn mi, ti gbé òkú ẹyẹ náà ṣeré kí n tó rí i. Kò pẹ́ tí ara rẹ̀ fi gbóná janjan, tó ń ṣèrànrán. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Mo sin ẹyẹ náà tòun tòrùka. Áfáà Sàídì kọ ẹsẹ Kùránì sára wàláà láti fi ṣe hàntú, ó fọ̀ ọ́ sínú ìkòkò omi ńlá kan, ó ní kí a máa fi wẹ ọmọ, kí a má sì dé e, kí ìrì lè máa sẹ̀ sí i. Ẹ̀gbẹ́ ògiri Súbérù ni mo gbé e sí.

Àfi bí àwọn tó ń na àwọ̀n mú ẹyẹ ní àbàtà Titirou ṣe wọlé dé: òyìnbó kan àti Mùsíé Ọlájídé, ọmọ Kétu, òṣìṣẹ́ ìjọba. Wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ ẹyẹ, wọn á tún tú u sílẹ̀. Ta ló ń fi irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe rere? Wọ́n ní àwọn gbọ́ pé ẹyẹ òkun kan kú sílé mi. Mo ní ta ló sọ.

Mùsíé ní, "Bàbá, Súbérù aládùúgbò yín ni. Ó ní ọmọ yín ò gbádùn, ká tètè wá."

Báwo ló ṣe mọ̀, bí kì í bá ṣe òun ló rán ẹyẹ?

Mùsíé ní lókè òkun ni wọ́n ti ń fi òrùka sẹ́sẹ̀ ẹyẹ, kí wọ́n lè mọ ibi tó ń lọ. Ó ní bí ẹyẹ bá ṣìnà dé ibi tí kì í dé, ẹ̀fọn lè jẹ ẹ́, kó gba àrùn lára rẹ̀, kó sì gbé e fún ọmọ ènìyàn. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ làwọn fẹ́ yẹ̀ wò. A hú u, ó ti jẹrà. Wọ́n bá fa ti Nọ́fíù, èsì rẹ̀ kò sì tíì dé. Bí wọ́n ṣe ń jáde lọ ni Mùsíé yọjú wo ìkòkò hàntú. Tanwíji ń jó nínú rẹ̀!

Ó pariwo pé, "Háà, Bàbá! Ẹ̀yin fúnra yín lẹ ń sin ẹ̀fọn!" Ó da omi náà nù, gbogbo àdúgbò sì gbọ́.

Nọ́fíù ti ń jẹun báyìí, mo dúpẹ́. Àmọ́ láti ìjẹta ni ara Àràmọ́tù, ọmọ Súbérù, ti ń gbóná. Mo mú ọsàn lọ kí i. Súbérù fi ara dí ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Gàní, kí lo bù sínú ìkòkò tí o gbé ti ògiri mi?" Mo fi Kùránì búra, kò gbà mí gbọ́. Ó dùn mí wọra. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ èmi ni, n kò ní gbà á gbọ́.

Bá mi kí ìyá wa àti gbogbo ará ilé. Jọ̀ọ́, má fi iṣẹ́ kankan ṣe àwáwí, wọ rélùwéè wá. Ìwọ nìkan ló kù tí àwa méjèèjì kò fura sí.

                                        Èmi ni tìrẹ tọkàntọkàn,
                                        Gàní