Adìyẹ Tí Ẹ̀rọ Lọ̀ Lọ́jọ́ Ọdún Jákọ́bù Mímọ́

Nélida ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà ní Lima? Ṣé òtútù ìkùukùu ibẹ̀ kò mú ọ jù? Àwa ńbí wà láàyè, àwọn adìyẹ ń yé, a kò ní gbọ́ ìròyìn burúkú nípa rẹ. Ara wa le, inú ilé ni kò dùn.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ìlọta tí o fi ránṣẹ́ ni. O mọ̀ pé lọ́dọọdún ìyá rẹ ló ń se ají de gallina, ọbẹ̀ adìyẹ aláta wa, fún àwọn tó ń gbé ère Jákọ́bù Mímọ́, àti pé ọ̀dọ̀ wa ni àwọn obìnrin àdúgbò ti ń jókòó yí tábìlì ká, tí wọ́n ń fọwọ́ ya àgbébọ̀ sí fọ́nrán bí òwú, tí wọ́n sì ń fi ọkọ wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ́dún yìí ìka ìyá rẹ wú, ó ní kí wọ́n tètè dé. Èmi tí mo fi àgbébọ̀ kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀, tí gbogbo àfonífojì yìí wá ń ra ẹyin lọ́wọ́ mi, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ní kí wọ́n máa lọ sílé, ọmọ mi ti ra ẹ̀rọ.

Ẹ̀rọ náà ní oókan, eéjì, ẹẹ́ta lára. Ènìyàn bí tèmi kì í tẹ oókan. Mo tẹ ẹẹ́ta. Kí n tó ṣẹ́jú, adìyẹ ti di ẹ̀kọ. A ṣáà pò ó mọ́ búrẹ́dì àná tí a rẹ sínú wàrà, a da ata sí i, a gbé e fún àwọn tó ń gbé ère. Fortunato bàbá ìsàmì rẹ tọ́ ṣíbí kan wò, ó bi mí lójú gbogbo ayé pé, "Eleuterio, ṣé ère la wá gbé ni, àbí ọmọ la fẹ́ já lẹ́nu ọmú?" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ìyá rẹ kò rẹ́rìn-ín. Ó tú aṣọ ìdáná rẹ̀, ó gbé e kọ́.

Láti ìgbà náà, ilé Hortensia aládùúgbò wa ni àwọn obìnrin ń jókòó sí. Wọn a kí ìyá rẹ lọ́nà, wọn kì í yà mọ́. Ó dùn mí, ọmọ mi.

Ìwé inú páálí ẹ̀rọ náà sọ pé títí di ọdún kan, ohunkóhun tó bá bàjẹ́, ọrùn ilé iṣẹ́ wọn ló wà. Jọ̀wọ́ lọ bá wọn, kí wọ́n rán ẹnì kan wá bẹ àwọn obìnrin yìí, ọdún kò ṣáà tíì pé. Bí wọn kò bá wá, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra kọfí àti ṣúgà tí n óò gbé dé ẹnu ọ̀nà kálukú wọn. Kì í ṣe pé n kò lówó o. Ìyá rẹ ló ń tọ́jú rẹ̀, n kò sì lójú tí n óò fi béèrè.

Lọ́jọ́ Ìsinmi ó se àgbébọ̀ kan. Ó to gbogbo àga yí tábìlì ká, ó wá ń dá ẹran ya. Mo jókòó sórí ọ̀kan. Ó wo ọwọ́ mi, ó ní, "Bàbá Nélida, lọ fọ ọwọ́ yẹn ná." Mo fọ̀ ọ́. Mo bá a ya díẹ̀. Fọ́nrán tèmi nípọn bí okùn màlúù. Ó kàn ń tún un ya.

Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí ìwọ dá jókòó ti ìkòkò láéláé.

Èmi bàbá rẹ,
Eleuterio Huapaya, ẹlẹ́yin