Àmì Ẹja Lábẹ́ Korobá

Yàrá Ìgépáànù,
Ilé-iṣẹ́ Korobá,
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lọ́sàn-án.

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Mo kí yín tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Mo mọ̀ pé inú ń bí yín sí mi, síbẹ̀ mo gbọ́dọ̀ béèrè: ṣé ara le? Ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn yín ti rọlẹ̀? Ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá gbogbo yín lórí ìdúró, kó má bá ẹnikẹ́ni lórí àìsàn. Èmi náà wà. Ara mi le bí irin, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí tí mo sì fà á ya.

Orí korobá kan tí mo dojú rẹ̀ délẹ̀ ni mo ti ń kọ ọ́. Aago méjì ọ̀sán ti lù, ẹ̀rọ kankan ò dún. Ẹ ti wọ ibí rí, ẹ mọ ariwo wa: bí èèyàn bá fẹ́ bú ẹnìkejì rẹ̀, àfi kó fi ọwọ́ júwe èébú náà. Lónìí, eṣinṣin ni mò ń gbọ́. Mo jókòó, mo dìde, mo tún jókòó.

Ẹ ó rántí ọjọ́ tí ẹ wá kí wa kẹ́yìn. A ti jẹun tán, ẹ fọwọ́ pa ikùn, ẹ ní, “Àbúrò ìyàwó mi, àwa là ń bọ́ yín o. Lọ́jọ́ tí a bá pa ẹ̀rọ páànù tiwa, àtẹ́lẹwọ́ lẹ ó máa fi pọn omi.” Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn há mi lọ́fun bí egungun ẹja. Ẹ̀yin náà lẹ ṣáà sọ mí ní Olóríkunkun.

Kò ju oṣù méjì lọ sí ìgbà yẹn tí korobá láti orílẹ̀-èdè yín lódìkejì afárá bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọ ọjà wa, tó sì pọ́ọ́kú ju tiwa lọ. Wọ́n dá àwa mọ́kànlá dúró níbi iṣẹ́. Ọjọ́ kejì ni àwọn òṣìṣẹ́ pé jọ, a ní kí a kọ̀wé sí ìjọba kí wọ́n gbé owó oníbodè lé korobá tó ń wọlé. Èmi ni wọ́n ní kí n kọ ọ́, nítorí tíṣà abúlé wa ti fi ẹgba kọ́ mi ní ìkọ̀wé tó gún régé. Baba Fọ́máànù dúró lẹ́yìn mi, wọ́n ní, “Korobá nìkan ni kí o kọ o. Má fi nǹkan kan kún un.” Mo ní mo gbọ́. Àmọ́ bí mo ṣe mú bírò báyìí, ẹ̀rín ọjọ́ yẹn ló ń dún létí mi. Mo kọ ọ́ pé: korobá, àti páànù tí a fi ń ṣe é. Baba ò mú jígí ojú wọn wá. Wọ́n fọwọ́ sí i, gbogbo èèyàn sì fọwọ́ sí i tẹ̀lé wọn. Ta ni í yẹ ìwé tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kọ wò?

Ẹ rò pé mo kàn fọwọ́ sí ìwé bí àwọn yòókù ni. Rárá o. Kò sí ẹni tó rán mi pé kí n fi páànù kún un. Mo mọ̀ pé ilé-iṣẹ́ mìíràn náà kọ ìwé tiwọn, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí òfin náà jáde nínú ìwé ìròyìn, ọ̀rọ̀ mi gan-an ló wà níbẹ̀: korobá, àti páànù tí a fi ń ṣe é.

Oṣù àkọ́kọ́ dùn, ẹ jẹ́ kí n má purọ́. Wọ́n pe àwa mọ́kànlá padà, a ń ṣiṣẹ́ títí kan Sátidé, wọ́n sì gbé mi sí èjìká yí gbogbo ọgbà ká. Lẹ́yìn náà ni páànù tó wà nílẹ̀ tán. Owó oníbodè ti mú kí tiyín wọ́n kọjá agbára ọ̀gá wa, wọ́n wá lọ ra òmíràn láti ọ̀nà jíjìn. Bí a bá ti tẹ̀ ẹ́ ló ń sán bí búrẹ́dì gbígbẹ. Nínú korobá mẹ́wàá, mẹ́rin ń jò, ni ọ̀gá bá pa ẹ̀rọ. Ẹ mọ̀ pé láti ọjọ́ pípẹ́ wá, bí páànù kan bá dé ọwọ́ mi, igun rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wò, kí n lè rí ẹja pupa tí ẹ máa ń yà sí èyí tí ẹ bá yẹ̀ wò tí ó dára. Mo máa ń gé e kí ẹja yẹn lè bọ́ sí abẹ́ korobá gẹ́lẹ́. Wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní mò ń sin ẹja. Páànù tuntun yìí ò ní ẹja kankan.

Ìdí korobá ìyá onílé wa lu, wọ́n lọ sọ́jà, wọ́n rí i pé owó korobá méjì ti di owó ẹyọ kan. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, wọ́n ní, “Ìwọ tí o ń ṣe korobá, tí o ń gbé inú ilé mi, ṣé ìkòkò ọbẹ̀ ni kí n fi máa wẹ̀?” Mo ṣàlàyé pé àwọn àjèjì ni òfin ní kí wọ́n san owó náà. Wọ́n wò mí látòkè délẹ̀. “Ṣé èmi wá ni àjèjì ọ̀hún?”

Ìjọba tiyín náà ò gbà, wọ́n gbé owó lé korobá wa àti pákó wa. Àwọn tó ń pera wọn ní ọ̀rẹ́ ti wá ń ta ọ̀rọ̀ síra wọn lórí rédíò, ọkọ̀ ẹrù sì tò sórí afárá bí eyín. Ìgbà náà ni lẹ́tà ẹ̀gbọ́n mi dé: wọ́n ti pa ẹ̀rọ kejì níbi iṣẹ́ yín, ẹ wà lára àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n lọ dúró sílé, ẹ ò sì fẹ́ gbọ́ orúkọ mi mọ́.

Lánàá, mo gun orí korobá níwájú gbogbo òṣìṣẹ́, mo jẹ́wọ́. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń tẹ páànù ju ìbọ̀wọ́ rẹ̀ lù mí lójú. Baba Fọ́máànù ò pariwo. Wọ́n kàn ní, “Mo sọ fún ọ pé kí o má fi nǹkan kan kún un,” wọ́n sì yíjú sí ògiri. Ìbá sàn kí wọ́n gbá mi létí. Mo ní ẹ jẹ́ ká kọ ìwé mìíràn, kí wọ́n yọ páànù kúrò. Wọ́n gbà, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ló kọ ọ́, èmi ni wọ́n ní kí n kà á sókè lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ sí i. Èmi ni mo fọwọ́ sí i kẹ́yìn. Lọ́la, èmi àti Baba yóò gbé e lọ sí olú-ìlú. Mi ò ṣèlérí o. Òfin dà bí ẹ̀gún: wíwọlé rẹ̀ yá ju yíyọ rẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá lé wa, a ó padà lọ.

Mi ò ní kí ẹ yára dárí jì mí. Bí ẹ bá fẹ́ bú mi, ẹ wá bú mi lójúkojú, afárá ò tíì wó. Kí Ọlọ́run mú yín padà sẹ́nu iṣẹ́ kí oṣù yìí tó parí. Kí ìdààmú má sọ ilé yín di tirẹ̀. Kí àwọn ọmọ má jìyà ìkùgbù mi.

Èmi ni àbúrò ìyàwó yín tí kò kọ̀ yín sílẹ̀,
Olóríkunkun.

Ohun tí mo gbàgbé: Korobá kan ń bọ̀ lọ́wọ́ awakọ̀ tó mú lẹ́tà yìí wá. Mo rí páànù yín kan ṣoṣo lẹ́yìn ẹ̀rọ, mo sì fọwọ́ ara mi ṣe é. Mo ti fún awakọ̀ ní owó oníbodè rẹ̀. Èmi tí mo pe òfin, èmi ni kó mú. Ẹ wo abẹ́ rẹ̀, ẹja yín wà níbẹ̀. Mo ti pọn omi kún un láti àárọ̀. Kò jò.