Ọkọ́ Mẹ́rin Lára Lọ́rì

Ajé, 5 Oṣù Kẹwàá, 1959. Ààyè-Èkìtì.
Mo parí rẹ̀ lónìí! Ilẹ̀kùn lọ́rì pupa, òbìrìkìtì funfun, ọkọ́ dúdú mẹ́rin nínú rẹ̀: ẹ̀rúkọ́ pàdé láàárín, ojú ọkọ́ wà níta, gbogbo wọn tẹ̀ sápá kan. Bàbá mi àti àwọn mẹ́ta tí wọ́n jọ ń ṣe àáró láti kékeré ló ra lọ́rì náà, láti máa kó iṣu lọ Ìbàdàn. Ta ni wọ́n ní kó kun àmì ẹgbẹ́? Èmi Dúrójayé, tí wọ́n ní mo sá fún oko. Wọ́n ti rí i báyìí.

Ọjọ́rú, 7.
Ṣọ́jà dé — Olúdáre, tó lọ ogun Hítílà. Ó wo ilẹ̀kùn títí. Ó ní àmì Hítílà gan-an nìyẹn, wọ́n fi àwòrán rẹ̀ han àwọn ní bárékè. Ó fi ọ̀pá yà á sórí ilẹ̀: apá mẹ́rin tó pàdé láàárín, tí orí wọn tẹ̀. Ó ní ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ní Ìbàdàn kò ní ra iṣu wa. Mo ní ọkọ́ kò jagun rí.

Ọjọ́bọ̀, 8.
N kò ní pa á rẹ́.

Ẹtì, 9.
Mo lọ wò ó láti òkèèrè. Ó jọ ọ́. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Bàbá Ilésanmí, olórí ẹgbẹ́, ní bí ọ̀rọ̀ náà kò bá yanjú kó tó di Ìṣẹ́gun tí lọ́rì máa lọ, àwọn á pe akunlé tó wà nílùú Ọ̀tùn. Akunlé Ọ̀tùn! Ẹni tí lẹ́tà rẹ̀ kì í dọ́gba.

Àìkú, 11.
Bàbá ti abà dé. Mo rò pé yóò yìn mí. Kò tilẹ̀ dárúkọ Hítílà. Ó ní, “Dúró, yèsí ló ń gbé ọkọ́ lélẹ̀ báyìí? Ṣé kó ṣá ẹlẹ́gbẹ́ mi lẹ́sẹ̀ ni?” Ó kó ọkọ́ mẹ́rin wá, ó tò wọ́n síwájú lọ́rì bí wọ́n ṣe ń tò wọ́n bí wọ́n bá ń sinmi nínú àáró: ojú ọkọ́ forí korí láàárín, ẹ̀rúkọ́ kọjú sí ìta, kí kálukú lè nawọ́ mú tirẹ̀. Ojú tì mí gidigidi. Ọmọ àgbẹ̀ ni mí.

Ajé, 12.
Mo ha á kúrò, mo tún un kùn bí Bàbá ṣe tò ó. Ṣọ́jà tẹ orí sọ́tùn-ún, ó tẹ̀ ẹ́ sósì. Ó ní òun kò rí Hítílà mọ́.

Ìṣẹ́gun, 13.
Lọ́rì ti lọ, iṣu kún un. Gbogbo ìlú dúró létí títì. Wọ́n ń béèrè ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ àáró tó bẹ́ẹ̀. Bàbá ní, “Uṣẹ́ ọmọ mi ni.”
Kò sọ pé òun ló kọ́ mi. Inú mi dùn dé góńgó, àmọ́ n kò lè wo ojú rẹ̀. Lọ́la, èmi náà á gbé ọkọ́ lọ sí àáró.