Bààlúù Tó Ń Dúró ní Jẹ́bbà

Bàbá mi, ẹni àkọ́kọ́ tó wọ bààlúù ní àdúgbò wa ní Narayi, ní Kàdúná,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ilé wà bẹ́ẹ̀. Òrùlé ṣì ń jò níbi tí ẹ tún ṣe gan-an.

Ọ̀rọ̀ bààlúù yín ni mo bá wá. Ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń sọ ọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi, tí ẹ bá ti jẹun yó, tí ẹ sì ti tú bẹ́líìtì: bí ọ́fíìsì ṣe fún yín lówó tíkẹ́ẹ̀tì, bí ẹ ṣe fò láti Kàdúná lọ sí Èkó, bí bààlúù ṣe dúró ní Jẹ́bbà kí èrò lè na ẹsẹ̀, tí ẹ sì ra ẹja díndín. Ta ló máa já yín nírọ́? Nínú gbogbo ìjọ wa, ẹ̀yin nìkan lẹ ti fò rí.

Láìpẹ́ yìí, dókítà sọ pé Èkó ni wọn yóò ti ṣiṣẹ́ abẹ ojú Mámà. Ẹ mọ ohun tí ojú ọ̀nà ti dà, àwọn ajínigbé ti gbà á, ni mo bá ní ká fò. Mámà kọ̀ jálẹ̀. Ìtàn yín nìkan ló mú wọn gbà.

“Tí àyà mi bá já, màá sọ̀ ní Jẹ́bbà, màá wọ mọ́tò.”

Bàbá, mo wò ó lórí fóònù. Láti pápákọ̀ òfúrufú Kàdúná dé ti Èkó, tí a bá fò gbọnrangandan, ó lé díẹ̀ ní ẹgbẹ̀ta kìlómítà. Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Wọn kì í dúró níbì kankan. Tí mo bá sọ òótọ́, Mámà ò ní lọ, ojú á sì fọ́. Mo panu mọ́. Mo tilẹ̀ bá wọn di oúnjẹ sínú kúlà.

Nínú bààlúù, wọ́n dijú, wọ́n ń gbàdúrà. Àdúrà wọn ò tíì kan àwọn ọmọọmọ tá a fi balẹ̀.

“Ṣé Jẹ́bbà rèé?”

“Èkó ni, Mámà.”

“Haba! Èkó wo? A ò tíì jẹun!”

Ọmọbìnrin tó ń tọ́jú èrò bẹ̀ wọ́n títí kí wọ́n tó tú bẹ́líìtì. Mámà wò mí, wọ́n gbé kúlà lé mi lọ́wọ́. Bàbá, ọkọ̀ ojú irin tó ń dúró ní Jẹ́bbà lẹ wọ̀, àbí? Kí lẹ wá fi owó tíkẹ́ẹ̀tì ṣe? Ṣé ibẹ̀ ni tẹlifíṣọ̀n wa ti wá?

Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere. Nígbà tá a padà dé, àwọn ìyá ìjọ wá kí wa. Ọ̀kan nínú wọn béèrè bóyá lóòótọ́ ni bààlúù ń dúró ní Jẹ́bbà. Orúkọ yín ló fẹ́ bàjẹ́ yẹn, ní pálọ̀ yín, lábẹ́ fọ́tò ìsìnkú yín.

“Ó dúró kẹ̀!” ni Mámà dáhùn. “Àmọ́ ẹja ibẹ̀ ti wọ́n gógó. Kò rí bíi ti ìgbà bàbá àwọn ọmọ mi mọ́.”

Wọ́n wá yíjú sí mi, wọ́n ṣẹ́ ojú kan. Èyí tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe yẹn gan-an ni wọ́n ṣẹ́.

Ẹ máa sinmi, Bàbá. Ẹlẹ́rìí yín ti dé.

Èmi ọmọ yín, tó gbé kúlà lọ tó gbé e bọ̀.