Òrùlé Ìyálé Ló Ń Ṣáájú

Ọjọ́rú, 12 Èrèlé
Owó àkọ́kọ́ nínú méjì ti wọlé! Inú fóònù, bí mo ṣe ń sọ ìkòkò omi kalẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé àwọn oníjìbìtì ni. Mo kà á, mo tún un kà. Mo gbé e fún Adede, ọ̀rẹ́ mi tó ń gbé lẹ́yìn agbo ilé wa. Ó ní, "Ìyá Awiti, òótọ́ ni o. Ó yá, jó!" Mo jó. Nínú eruku. Owó tí ẹnikẹ́ni kò ní kí n dá padà, tí wọn ò sì bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe. Irú ẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ sí mi rí.

Gbogbo abúlé ń pariwo. Ilé kan ṣoṣo ló dákẹ́ — ti Turufosa, ìyálé mi, tó dojú kọ tèmi. Nígbà tí ọmọbìnrin tó ń kọ orúkọ fún ẹgbẹ́ tó ń fún aláìní lówó wá lọ́dún tó kọjá, obìnrin kọ̀ọ̀kan tó bá ní ààrò tirẹ̀ ni wọ́n ń kọ. Èmi ní kó kọ tèmi kíá. Turufosa ní owó èṣù ni, pé wòlíì àwọn sọ pé ejò ló ń tẹ̀ lé e wọlé. Ó da omi àwo lé ọmọ ọlọ́mọ lẹ́yìn. Ìyá Ìjọ ni mo ń pè é nínú ìwé yìí. Kó má rí i o.

Ọjọ́bọ̀, 13 Èrèlé
Oorun ò kùn mí. Páànù. Páànù ni, kì í ṣe nǹkan mìíràn. Koríko orí ilé mi ti jẹrà. Nígbà òjò tó kọjá, abẹ́ ọ̀rá ni èmi àti Awiti sùn, ikọ́ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ mú un lọ. Nọ́ọ̀sì wò mí lójú, ó ní ọmọ yìí ò gbọdọ̀ tún sun inú ọ̀rinrin lẹ́ẹ̀kan sí i, pé àyà rẹ̀ ò ní gbà á. Òjò ńlá á dé nínú oṣù tó ń bọ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 16 Èrèlé
Ọ̀gá Géètì pè láti Mọ́mbásà. Ọkọ wa. Géètì olówó kan ló ń ṣọ́ níbẹ̀. Láti Kérésì, kò pe ẹnì kankan. Lónìí, "Ìyàwó mi àtàtà, ohùn rẹ mà dùn o." Alùpùpù ló fẹ́ kí n bá òun rà. Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa, mi ò gbọ́ ọ. Abẹ́ igi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dáa jù ní gbogbo Kawuondi, abúlé wa, ni mo wà. Inú mi dùn tí mo ṣe é.

Ọjọ́rú, 19 Èrèlé
Páànù dé! Kẹ̀kẹ́ màlúù ló gbé e wá láti ọjà. Awiti fi ahọ́n lá a. Mo bá a wí, mo yí ẹ̀yìn padà, èmi náà fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kàn án. Ó tutù.

Ìyá Ìjọ kọjá, ó gbé Bíbélì há abíyá. "Ìyàwó, ẹ kú ìnáwó èṣù o."

"A dúpẹ́ o, ìyálé mi. Ẹ̀yin náà á rí tiyín ná."

Ó dùn mọ́ mi títí mo fi dé ibi ààrò.

Ọjọ́ Ẹtì, 21 Èrèlé
Ayé mi! Onditi kápẹ́ńtà wá. Ó wọn ilé, ó jẹ ọkà mi, ó jẹ ẹja omena mi mọ́ ọn, ó mu tíì. Ìgbà tó jẹun tán ló wá gbójú sókè, tó rí ilé Turufosa pẹ̀lú koríko lórí. Ó gbé òòlù rẹ̀ padà sínú àpò.

"Ìyàwó kì í fi páànù borí kí ìyálé ṣì wà lábẹ́ koríko. Chira á mú ọmọ yẹn, wọ́n á sì ní Onditi ló kan ìṣó."

Chira. Ta ni kò mọ̀ ọ́n níbí? Ẹni tó bá fo ètò ilé, ọmọ rẹ̀ á máa rù, á máa rù, títí á fi tán. Ìyálé ló ń kọ́kọ́ gbìn, òun ló ń kọ́kọ́ kórè, òun ló ń kọ́kọ́ kọ́lé. Mo mọ̀ ọ́n láti kékeré. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ka ààrò wa, ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi owó tèmi ránṣẹ́, ni mo bá gbàgbé pé ìyàwó ni mí. Orí mi yìí!

Wọ́n ní pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó. Èmi tí mi ò tiẹ̀ ní àjà ńkọ́?

Onditi jẹ ẹja mi tán o. Kò fi ìrù sílẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 Èrèlé
Mo lọ bá Ìyá Ìjọ. Ẹ̀wà ló ń ṣà. Mo ní, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká pín páànù yìí sí méjì. Ká kọ́kọ́ bo tiyín, kí n fi ìyókù bo yàrá kan péré nínú tèmi. Yàrá kan tó èmi àti ọmọ.

"Kí èmi wá máa sùn sábẹ́ páànù ejò?"

"Ẹ gbà á nítorí Awiti."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú ẹ̀wà. Ó ní ọmọ òun náà ni Awiti, òun ló gbẹ̀bí rẹ̀. Òótọ́ ni, òun ni. Ṣùgbọ́n ó ní gbogbo abúlé ló gbọ́ ohun tí òun sọ lọ́jọ́ náà, pé èèyàn kì í kó èébì ara rẹ̀ jẹ.

Inú bí mi. Mo ní, "Kì í ṣe ejò ló ń dà yín láàmú, ìgbéraga ni!" Sí ìyálé mi. Pẹ̀lú ẹnu mi yìí. Ó dìde, àwo ẹ̀wà dà nù, mo sá jáde.

Ọjọ́ Ajé, 24 Èrèlé
Awiti wúkọ́ látàárọ̀. Òjò ò tíì rọ̀ o. Eruku lásán ni. Mo sọ fún ara mi pé eruku lásán ni.

Ọjọ́bọ̀, 27 Èrèlé
Adede gbé ọ̀rọ̀ dé. Kápẹ́ńtà kan wà ní Butere, kì í ṣe ẹ̀yà wa, kò bẹ̀rù chira. Adede rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní chira ò gbọ́ èdè ọkùnrin náà. Mo pè é. Ó ní Àbámẹ́ta tó ń bọ̀, ìyẹn ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé èyí.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, Ọ̀gá Géètì ti gbọ́. Ta ló sọ fún un? Ó ní tí mo bá gbé páànù lé ilé mi ṣáájú ti ìyálé, kí n má pe òun wá sin ọmọ. Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Mo sunkún títí. Ìgbà tí ẹkún tán, inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi. Ọkùnrin tí kò fi owó oògùn ikọ́ ránṣẹ́ rí ló ń sọ ti sàárè.

Ọjọ́ Àìkú, 2 Ẹrẹ́nà
Lẹ́yìn ìsìn, mo yọjú láti inú ilé. Ìyá Ìjọ wà níbi páànù mi. Ó fi ìka kàn án, kó kó kó. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé e, kò sì gbé e kúrò bọ̀rọ̀. Ìgbà tó rí mi, ó fò sẹ́yìn. Ó ní ewúrẹ́ ló fẹ́ tọ̀ sí i, òun ń lé e ni.

Ewúrẹ́ wo?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 Ẹrẹ́nà
Ìhà adágún ṣú dẹ̀dẹ̀. Kò rọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 Ẹrẹ́nà
Ó di ọ̀la. Mo gbálẹ̀, mo tún un gbá. Mo ní mi ò gba chira gbọ́ — àmọ́ ta ni ẹ̀rù wá ń bà báyìí? Ọmọ àbúrò bàbá mi rù títí ó fi kú, wọ́n ní ìyá rẹ̀ ló gbìn ṣáájú ìyálé. Nọ́ọ̀sì ní ẹ̀jẹ̀ ló tán lára rẹ̀. Ta ni kí n gbà gbọ́? Òjò lè pa ọmọ mi, chira lè pa ọmọ mi. Òjò ni mo ti fojú ara mi rí. Kí Ará Butere máa bọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 Ẹrẹ́nà
Kí n kọ ọ́ bó ṣe rí.

Ará Butere dé, ó gun òkè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í já koríko sílẹ̀. Àwọn èèyàn ti dúró lẹ́yìn ọgbà, wọ́n ń wòran. Ìyá Ìjọ ò sí nílé láti ìdájí. Mo ní ó ti sá, kò fẹ́ rí i. Ó dára bẹ́ẹ̀.

A ti já koríko dé ìdajì kí Ìyá Ìjọ tó wọ inú agbo ilé. Ó ru páànù kan sórí. Ẹyọ kan. Òógùn bò ó, ẹsẹ̀ rẹ̀ kún fún eruku ọ̀nà ọjà. Mo wo ẹnu ọ̀nà rẹ̀, àgò àkùkọ pupa rẹ̀ ṣí sílẹ̀, kò sí nǹkan nínú ẹ̀. Àkùkọ tó máa ń jẹ àgbàdo lọ́wọ́ rẹ̀! Èyí tí ìyálé mi máa ń bá sọ̀rọ̀ bí èèyàn!

Ó ké sí Ará Butere, "Ìwọ yẹn, sọ̀ kalẹ̀."

Ọkùnrin náà wò mí.

"Owó àkùkọ mi ni mo fi ra èyí. Owó tó mọ́ ni. Kàn án mọ́ òrùlé mi, lókè ẹnu ọ̀nà, kí gbogbo àwọn aláìríṣẹ́-ṣe tó wà lẹ́yìn ọgbà yẹn lè rí i."

Ará Butere rẹ́rìn-ín. "Màmá, kí ni ẹyọ kan fẹ́ bò?"

"Ó máa bo ohun tí mo fẹ́ kó bò. Ṣé mo bi ọ́ léèrè ni? Kàn án!"

Ó kàn án. Páànù kan ṣoṣo, láàárín koríko. Ìyá Ìjọ wá kọjú sí mi, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ ẹ̀wà.

"Ìyálé ti borí. Ṣe tìrẹ."

Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú koríko nínú irun mi, mo ń sunkún bí ọmọdé, Ará Butere ń bi mí bóyá kí òun máa bá iṣẹ́ lọ.

Ọjọ́ Ajé, 10 Ẹrẹ́nà
Ó parí. Yàrá méjèèjì! Onditi wá wò ó, ó ní ṣebí òun ti sọ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mi ò fún un ní ẹja.

Mo lọ sábẹ́ igi, mo pe nọ́ńbà àwọn tó fi owó ránṣẹ́. Mo ní ẹnì kan ṣẹ́ kù nínú agbo ilé wa, pé kò yé e nígbà yẹn ni. Ọmọbìnrin náà fi ohùn jẹ́jẹ́ ní kí n má bínú, àwọn ti parí ìkọ̀wé orúkọ ní Kawuondi, àwọn ò ní padà wá. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó tún ní kí n má bínú.

Ọjọ́rú, 12 Ẹrẹ́nà
Òjò! Lọ́sàn-án, láti ìhà adágún, pẹ̀lú afẹ́fẹ́. Ariwo orí páànù pọ̀ débi pé Awiti di etí méjèèjì, ó ń jó. Mo fọwọ́ pa ara ògiri káàkiri. Ó gbẹ. Ibùsùn gbẹ. Mo wo òkè títí ọrùn fi dùn mí.

Ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Turufosa ni, ó ti rẹ gbingbin, ó kó adìẹ mẹ́ta sábẹ́ ìró. Ó ní àwọn adìẹ ni ò fẹ́ òjò. Mo ní ẹ wọlé. Ó ní ìyálé kì í sùn nílé ìyàwó, òun ò wá sùn, òun kàn fẹ́ jókòó ni. Mo ní, "Ẹ jókòó, ìyálé mi." Mo fún un ní aṣọ gbígbẹ, mo po tíì. Awiti lọ sùn lé e lẹ́sẹ̀, kò wúkọ́.

Ó wo òrùlé. Ó wo inú ife rẹ̀.

"Àwọn èèyàn yẹn. Ṣé wọ́n ṣì ń bọ̀?"

Bí ẹni pé adìẹ ló ń bi. Ohùn jẹ́jẹ́ ọmọbìnrin yẹn ṣì wà létí mi. Ẹnu mi là, ó sì ní, "Wọ́n ń bọ̀. Lóṣù karùn-ún. Wọ́n ní àwọn á fi tiyín rán mi."

Ó ní, "Tí wọ́n bá fi dandan lé e, mo lè gbà á." Ó sì mu tíì rẹ̀ tán.

Owó kejì tèmi ló ń bọ̀ lóṣù karùn-ún. Mo ti ní in lọ́kàn láti fi ra abo màlúù kan, mo ti lọ wò ó nílé ẹni tó ni ín, mo ti sọ ọ́ lórúkọ. Òjò ṣì ń rọ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí, ó ṣì jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ mi lẹ́sẹ̀, ó ń sọ fún àwọn adìẹ pé kí wọ́n fara balẹ̀. Mo ti fi ẹnu ara mi ta màlúù tí mi ò tíì rà.