Tilly Fẹ́ Yá Ojú Mi

Rowena ọmọ mi,

Báwo ni Sydney, báwo ni iṣẹ́, ṣé ara le? Ọlọ́run tó mú wa la ọ̀dá ọdún yìí já yóò máa ṣọ́ ọ. Òjò rọ̀ díẹ̀, àgbá omi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdajì, àwọn àgùntàn sì ń jẹ koríko tútù bí ẹni tó débi ìnáwó.

Ọ̀rọ̀ Tilly ọmọ rẹ tó wà lọ́dọ̀ mi ni mo fi ń kọ̀wé. Ìjọba ti ṣòfin pé ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún mẹ́rìndínlógún kò gbọdọ̀ sí níbi tí ẹ ti ń fi àwòrán han ara yín lórí fóònù. Èmi fara mọ́ ọn, torí ohun tí ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ń wò níbẹ̀, àgbà gan-an ò yẹ kó wò ó. Wọ́n lé Tilly jáde lọ́jọ́ Ajé, ló bá wá bá mi nídìí ààrò, ó ní, "Màmá àgbà, ẹ yá mi lójú yín." Ó ní ẹ̀rọ kan nínú fóònù ń wo ojú èèyàn kó lè mọ ọjọ́ orí rẹ̀ kó tó jẹ́ kó wọlé. Èmi rò pé òṣìṣẹ́ ìjọba kan ló jókòó síbẹ̀, mo bọ́jú, mo dé àkẹtẹ̀ tí mo fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, mo kí i dáadáa, mo ròyìn ọ̀dá fún un, mo sì ní kó má bínú, èmi ni mo ni ojú, àmọ́ Tilly ló fẹ́ lò ó, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá sì ni. Tilly fọwọ́ bojú. Ẹ̀rọ náà ní mo ti dàgbà tó. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ara mi ò lélẹ̀, mo ní kó ti ibi àwòrán náà padà, òfin lòfin. Ó sunkún, kò fẹnu kan ẹran àgùntàn tí mo sè. Mo bi í pé kí ló wà níbẹ̀ tí kò sí nílé. Ó ní, "Ibẹ̀ nìkan ni mọ́mì ti máa ń dá mi lóhùn. Bí mo bá fi àwòrán síbẹ̀, wọ́n á fi àmì ọkàn pupa kan sí i."

Rowena, mi ò mọ̀ pé ọkàn pupa lo fi ń tọ́mọ. Fóònù ilé wa kò bàjẹ́, ó kàn jẹ́ pé o kì í pè é ni. Mo ti béèrè nílé ìfìwéránṣẹ́ bóyá òfin kan wà tó máa lé àwọn tó ti lé lógójì ọdún náà kúrò níbẹ̀, wọ́n ní kò tíì sí.

Jọ̀ọ́, wá lópin ọ̀sẹ̀. Fi owó epo díẹ̀ ránṣẹ́ kí n lè wa ọkọ̀ wá pàdé rẹ níbi tí rélùwéè ń dúró sí, kí o sì ra bàtà òjò fún Tilly. Má ra ìwọ̀n tó o mọ̀ o, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti tóbi jù ú lọ.

Kí Ọlọ́run má sọ ọ́ di àlejò lójú ọmọ rẹ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Merle